Ẹ Má Kọrin, Ẹ Sọ̀rọ̀: Iṣẹ́ Osanai Kaoru Láti 1909 Sí 1928

Láyé àtijọ́, ìwé tí wọ́n ń fi lé òṣèré kábúkì, eré ìbílẹ̀ olórin àti oníjó, lọ́wọ́ ní Jàpáànì kì í ṣe odindi eré. Ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń dà kọ fún un, á sì mú un lọ sílé. Ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ sọ kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án, torí ó ti mọ eré náà láti kékeré. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣe é kó tó kan òun. Bí yóò ṣe gbẹ́sẹ̀, bí yóò ṣe yíjú, ibi tí yóò ti dúró gbagidi bí ère kí èrò lè kígbe orúkọ ìdílé rẹ̀ láti inú gbọ̀ngàn, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ohùn shamisen, ohun èlò orin olókùn mẹ́ta, ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ rìn. Obìnrin kò sí lórí ìtàgé. Ìjọba ti lé wọn kúrò níbẹ̀ láti 1629, ọkùnrin ló ń ṣe obìnrin, ẹni tó bá sì yan ìyẹn, iṣẹ́ ayé rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tí à ń pè ní olùdarí. Àgbà òṣèré inú ẹgbẹ́ ló ń pàṣẹ.

Irú àwọn òṣèré báyìí ni olùdarí Osanai Kaoru kó jọ pé kí wọ́n wá ṣe eré Ibsen, òǹkọ̀wé ará Nọ́wè. Mo fẹ́ tò ó sílẹ̀ bó ṣe lọ, nítorí nínú gbogbo àwọn tó fi ìpìlẹ̀ tíátà tuntun lélẹ̀ ní Jàpáànì, tirẹ̀ ni mo máa ń fà yọ bí olùdarí kan bá wá bá mi pé àwọn òṣèré òun ò gbọ́ràn, pé wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Ẹjọ́ tó wà níwájú Osanai gan-an nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi rò ó, ó gba ọ̀nà kan, ọ̀nà náà dí, ó gba òmíràn.

Hiroshima ni wọ́n bí i sí ní 1881. Dókítà ológun ni bàbá rẹ̀, ó kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ẹbí sì kó lọ sí Tokyo. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ní yunifásítì níbẹ̀, ó jáde ní 1906. Òǹkọ̀wé Lafcadio Hearn wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá Hearn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní 1903, Osanai wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fárígá pé àwọn ò gbà. Ẹ fi sọ́kàn pé ọmọ ìwé ni. Ilé òṣèré kọ́ ló ti wá, kò sì sí òṣèré tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìgbọràn.

Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un ni Ichikawa Sadanji Kejì, ọmọ ìdílé kábúkì pọ́ńbélé tó fi ọdún kan péré ṣẹ̀gbọ́n rẹ̀. Sadanji ti rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù ní 1906 sí 1907, ó ti wo tíátà wọn káàkiri. Nígbà tó dé, ó ní kí òun yí bí wọ́n ṣe ń ta tíkẹ́ẹ̀tì padà ní tíátà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, àwọn tó ń jẹ lórí ọ̀nà àtijọ́ sì dà á rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́ kí Osanai tó bá a. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ìwé ìtàn ṣe máa ń kọ ọ́ lọ: akọ̀wé tó ní èrò tuntun pọ̀ ní Tokyo ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ onílé tí inú ń bí sí ilé bàbá rẹ̀, ọ̀kan ni.

Ní 1909, àwọn méjèèjì dá Jiyū Gekijō sílẹ̀, ìyẹn Tíátà Òmìnira. Kò ní ilé, kò ní òṣèré tirẹ̀. Bí olùdarí kan, Antoine, ṣe ṣe é ní Paris ní 1887 tí àwọn ará Berlin sì tẹ̀ lé e ní 1889 ni wọ́n ṣe: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dáwó sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n háyà gbọ̀ngàn fún ọjọ́ méjì, wọ́n ṣe eré, ó parí. Nígbà tí kò ti sí ẹni tó ń wá èrè níbẹ̀, kò sí oníṣòwò tí yóò ní kí wọ́n fi ijó sí i.

Eré àkọ́kọ́ ni John Gabriel Borkman ti Ibsen, Mori Ōgai ló túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní ọjọ́ 27 àti 28 oṣù kọkànlá, 1909, ní tíátà Yūrakuza. Kí ìtàgé tó ṣí, Osanai jáde síwájú èrò ó sì sọ ìdí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀: kò ju pé àwọn fẹ́ wà láàyè lọ. Tanizaki Jun'ichirō, ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà tó padà di òǹkọ̀wé, wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, torí ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí eré yẹn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Obìnrin méjì jókòó sí pálọ̀ nísàlẹ̀. Ìbejì ni wọ́n, àgbàlagbà, ọkùnrin kan náà ló sì bà wọ́n láyé jẹ́. Ọkùnrin yìí, ọ̀gá báńkì tó ti ṣẹ̀wọ̀n, wà lókè àjà. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń rìn síwá-sẹ́yìn níbẹ̀. A ò rí i ní ìpele kìíní rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ la kàn ń gbọ́. Nínú kábúkì, bí ẹsẹ̀ akọni bá fẹ́ dún, ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé tó ń fi igi méjì lu pátákó kí ìró náà lè gba gbọ̀ngàn kan. Níbí, ẹsẹ̀ èèyàn lásán ni, gbì, gbì, gbì, lórí orí àwọn obìnrin méjì náà. Ọkùnrin sì ni àwọn obìnrin méjèèjì, àwọn tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé obìnrin orí ìtàgé a máa tẹ̀ lọ́rùn, a máa fi apá aṣọ bojú. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ṣe?

Lásìkò kan náà, Tsubouchi Shōyō, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Waseda, ń kó àwọn tí kò ṣeré rí jọ, ó ń sọ wọ́n di òṣèré. Osanai ní ọ̀nà tòun yàtọ̀: òun yóò sọ òṣèré di ẹni tí kò ṣeré rí. Àṣẹ tó sì pa fún àwọn èèyàn Sadanji kò gùn: ẹ má kọrin, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má jó, ẹ rìn.

Àṣẹ náà dára. Kò tó. Ìdí tí kò fi tó kò jinlẹ̀ rárá, àwa tí a ń darí eré la sábà máa ń fojú fò ó. Láàárín 1909 àti 1919 tí Tíátà Òmìnira fi kásẹ̀ nílẹ̀, ìgbà mẹ́sàn-án péré ló gbé eré jáde. Ọdún mẹ́wàá, ìgbà mẹ́sàn-án. Òṣèré tó bá fi ọjọ́ méjì sọ̀rọ̀ bí èèyàn á tún padà sínú kábúkì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Etí gbọ́, ara ò gbọ́. Mo ti rí i tí àwọn olùdarí ń pe irú èyí ní agídí. Sadanji kò lágídí. Ọjọ́ tí wọ́n fún ara rẹ̀ láti gbàgbé ohun tó mọ̀ ni kò tó nǹkan.

Ìyípadà kejì bẹ̀rẹ̀ láti inú àṣìṣe kan. Ní oṣù kejìlá 1910, Osanai darí eré Gorky, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, tó dá lórí àwọn tálákà tó ń sùn sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀, ìwé nìkan ló sì fi darí rẹ̀, kò tíì rí i lójú rí. Nígbà tó di òpin 1912, ó gbéra lọ sí Rọ́ṣíà, Jámánì àti Scandinavia. Ní Mọ́sìkò, ó jókòó sí Tíátà Ọnà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré náà ní 1902, ó sì wò ó pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan. Ta ló jókòó síbo. Ta ló dìde nígbà wo. Stanislavski, olùdarí tíátà náà, pè é wá sí ilé rẹ̀ lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun àwọn ará Rọ́ṣíà, inú Osanai dùn débi pé ó kọ̀wé nípa alẹ́ náà. Nígbà tó padà dé ní 1913, ó tún eré Gorky ṣe, bó ṣe rí i ní Mọ́sìkò gẹ́lẹ́.

Àwọn kan máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín, pé àdàkọ ni. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò bá wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, ọwọ́ ta ni yóò wò? Àṣìṣe rẹ̀ wà níbòmíràn. Kí àwọn ará Mọ́sìkò tó ṣe eré yẹn ní 1902, wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ọjà Khitrov, níbi tí àwọn aláìnílé ń sùn sí, wọ́n bá wọn jókòó, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń di ife mú. Ìjókòó tí Osanai rí lórí ìtàgé, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Ó kọ ìjókòó sílẹ̀. Ìrìn àjò tó bí ìjókòó kò sí nínú ìwé rẹ̀, nítorí ẹni tó wà lórí àga òǹwòran kò lè rí i. Bí mo bá ń wo fídíò eré àwọn ẹlòmíràn láti jí nǹkan níbẹ̀, ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, nǹkan falẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ fíìmù ní 1920 lọ́dọ̀ Shōchiku, ó bójú tó fíìmù Rojō no Reikon ní 1921, òun fúnra rẹ̀ sì ṣeré nínú rẹ̀. Nǹkan kan péré ló yẹ ká mú kúrò níbẹ̀: níwájú kámẹ́rà, obìnrin ló ń ṣe obìnrin, kò sí shamisen, ojú èèyàn sì tóbi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1923, nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán ń hó lórí iná káàkiri ìlú, ilẹ̀ mì ní Tokyo. Iná gba ìlú kan. Ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ tíátà jóná pẹ̀lú wọn, Osanai sì kó lọ sí Osaka.

Ibẹ̀ ni Hijikata Yoshi ti bá a. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ọmọ-ọmọ ìjòyè ńlá kan nílé ọba, tó wà ní Jámánì nígbà tí ìròyìn ilẹ̀ mímì kàn án. Ó gba Mọ́sìkò padà wálé, ó wo iṣẹ́ olùdarí Meyerhold lọ́nà, ojú rẹ̀ sì là. Owó tó yẹ kó fi kàwé sí i lókè òkun ló fi kọ́lé. Òfin ilé kíkọ́ ti rọ̀ nítorí ìlú tó jó, wọ́n ń gba ilé onígbà díẹ̀ láyè; bí wọ́n ṣe gbé tíátà onípákó dìde ní Tsukiji, àdúgbò kan ní Tokyo, nìyẹn, tó gba bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta òǹwòran, tí ògiri ẹ̀yìn ìtàgé rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ojú ọ̀run kí iná mànàmáná lè ṣeré lórí rẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ni olùdásílẹ̀. Agogo ńlá ni wọ́n ń lù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 1924, eré Chekhov ará Rọ́ṣíà wà níbẹ̀, eré ogun ojú omi ti Goering ará Jámánì náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí agogo yẹn tó dún rárá ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, Osanai lọ sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Keiō. Ó ní fún ọdún méjì, eré àwọn ará òkèèrè tí wọ́n túmọ̀ nìkan ni Tsukiji yóò máa ṣe. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní òun gẹ́gẹ́ bí olùdarí kò tíì rí eré tí àwọn ará Jàpáànì ń kọ tó ta òun jí.

Ẹ wo àwọn tó wà ní ìlú nígbà náà: Kikuchi Kan, Yamamoto Yūzō, àwọn òǹkọ̀wé eré tí orúkọ wọn ń dún, tí wọ́n rò pé nígbà tí tíátà tuntun bá dé, eré àwọn ni yóò kọ́kọ́ gbé. Ó fojú wọn gbolẹ̀ ní gbangba. Wọ́n bínú, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ẹnu kò sì yé kùn ún. Mo rò pé ó ṣì í sọ. Ì bá ti sọ ohun tó ń dùn ún gan-an láìtẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Bó ṣe yé mi sí nìyí. Òṣèré tó gba eré Jàpáànì lọ́wọ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba fún bàbá nínú ilé, ó ti mọ ohùn tí wọ́n fi ń sunkún. Ara á sáré padà sí ojú ọ̀nà tó mọ̀. Ṣùgbọ́n fún un ní Chekhov: báwo ni dókítà ará Rọ́ṣíà ṣe ń fi fìlà sílẹ̀ lórí tábìlì? Kò sí bàbá rẹ̀ kankan tó ṣe é rí. Ó di dandan kó ronú. Eré òkèèrè ni odi tí Osanai mọ láàárín òṣèré àti ohun tó ti mọ̀, ọdún méjì ló sì dá fún odi náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lo ọmọ kábúkì. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ilé òṣèré kankan lẹ́yìn ló gbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, eré kan ò tíì jìnnà kí òmíràn tó gbà á. Ẹ rí i pé ọ̀nà Tsubouchi ló yà sí yẹn. Ẹni tó ní òun yóò sọ òṣèré di ẹni tí kò ṣeré rí padà wá ń sọ ẹni tí kò ṣeré rí di òṣèré. Kò kéde rẹ̀ pé òun ti yí ọkàn padà.

Ohun tí ó mú jáde kò dọ́gba. Ní oṣù kejìlá 1924, Hijikata darí eré kan ti Georg Kaiser, òǹkọ̀wé ará Jámánì, Murayama Tomoyoshi sì fi igi àti irin ṣe ìtàgé alájà mẹ́ta fún un, ohun tí Tokyo kò rí rí. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn òṣèré ń wọ wíìgì pupa, wọ́n ń lẹ imú gígùn mọ́ imú, wọ́n ń nawọ́ sókè bí wọ́n ṣe rò pé òyìnbó ń nawọ́. Àwọn èèyàn ń pe irú eré bẹ́ẹ̀ ní eré onírun-pupa, ó sì tọ́ sí wọn. Wọ́n lé àfarawé kan jáde, òmíràn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Olùdarí kankan kò gbọ́dọ̀ gbàgbé èyí: odi tó ń gba òṣèré lọ́wọ́ ìwà àtijọ́ lè di ìwà tuntun láàárín oṣù mẹ́fà, bí kò bá sí ẹni tó ń bi í lóròòwúrọ̀ pé kí ló dé tó fi nawọ́ yẹn.

Ní oṣù kẹta 1926, ọdún méjì kò tíì pé tán, Tsukiji ṣe eré Jàpáànì àkọ́kọ́ rẹ̀. Eré Tsubouchi Shōyō ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà yẹn náà.

Láti ibẹ̀ lọ, ìlẹ̀kùn kò tì mọ́. Ní 1927 Osanai tún lọ sí Mọ́sìkò, gẹ́gẹ́ bí àlejò níbi àjọ̀dún kẹwàá ìyípadà ìjọba Rọ́ṣíà. Ní oṣù kẹjọ 1928, Sadanji, ẹni tí wọ́n ní kó má kọrin mọ́ ní 1909, kó kábúkì lọ sí Mọ́sìkò àti Leningrad. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kábúkì máa jáde kúrò nílé, Eisenstein, olùdarí fíìmù, sì wò ó, ó pariwo rẹ̀. Àwọn tí Osanai ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń jókòó wá ń wo bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Osanai mú eré kan ti Chikamatsu, òǹkọ̀wé eré àtijọ́, tó ti wà láti 1715, ó tún un kọ, ó sì gbé e sórí ìtàgé Tsukiji pẹ̀lú àwọn òṣèré tó ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí wọn kò ṣe ní kọrin. Mo fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Kò kórìíra ilé; ó kàn fẹ́ kí ẹni tó máa padà sílé kọ́kọ́ jáde kúrò níbẹ̀.

Kò ráyè mọ ibi tí ìyẹn ì bá gbé e dé. Ní oṣù kejìlá, Tsukiji ṣe eré Enchi Fumiko, obìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ṣe àsè fún un, ní ọjọ́ 25. Ibi àsè náà ni ọkàn Osanai ti dáṣẹ́ dúró. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ọkùnrin tó ní eré Jàpáànì kan ò ta òun jí kú sídìí oúnjẹ tí wọ́n sè nítorí eré Jàpáànì kan.

Oṣù mẹ́ta péré ni ilé fi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí ìtàgé di ohun ìjà fún òṣìṣẹ́, àwọn kan fẹ́ kó jẹ́ ìtàgé nìkan, Osanai ló sì ń wà láàárín wọn. Ní oṣù kẹta 1929, Hijikata kó àwọn tirẹ̀ jáde láti dá Tsukiji Tuntun sílẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù tú ká ní 1930. Bí a bá ń wá ibi tí ọwọ́ Osanai ti kù jù, mo rò pé ibí ni, ju ọ̀rọ̀ Keiō lọ. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí òun kò bá sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí a bá fi ojú ẹnì kan ṣoṣo so pọ̀, kí ẹni náà tètè fi ìdajì ìpinnu lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ilé onípákó náà jóná nínú bọ́ǹbù oṣù kẹta 1945.

Àwọn òṣèré ló kù. Higashiyama Chieko, ìyàwó oníṣòwò tó ti gbé Mọ́sìkò rí, wọ Tsukiji ní 1925 lẹ́ni ọdún márùndínlógójì. Sugimura Haruko wá láti Hiroshima, ìlú Osanai, ní 1927. Ní 1953, olùdarí fíìmù Ozu Yasujirō fi Higashiyama ṣe ìyá arúgbó kan, ó fi Sugimura ṣe ọmọ rẹ̀ obìnrin, nínú fíìmù kan tí ilé àwọn òbí náà wà ní àgbègbè Hiroshima yẹn kan náà. Kò sí wíìgì pupa, kò sí imú àlẹ̀mọ́. Ìyá kú. Wọ́n sin ín tán, gbogbo ẹbí jókòó jẹun. Ọmọ obìnrin yìí ti sunkún tẹ́lẹ̀. Ní báyìí ó ń jẹun, ó sì yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní ọ̀já ìyá àwọn kan wà, àti aṣọ ìgbà ooru rẹ̀ kan, kí wọ́n bá òun wá a, òun fẹ́ mú un. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn tí èèyàn fi ń ní kí wọ́n gbé iyọ̀ wá.